Nígbà tí òyìnbó ń wá físà ilẹ̀ Áfíríkà

Ọdún 2033 ni. Iṣẹ́ ti tán ní ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olivier mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́. Pauline, olólùfẹ́ rẹ̀, jẹ́ olùkọ́. Òun náà kò ríṣẹ́. Wọ́n gbọ́ pé gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti di ìjọba kan ṣoṣo, pé owó àti iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n lọ béèrè físà. A kò fún wọn.

Ìtàn yìí kò ṣẹlẹ̀ rí. Inú fíìmù ni ó wà. Orúkọ fíìmù náà ni Africa Paradis. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Sylvestre Amoussou, ni ó darí rẹ̀, ó sì tún ṣeré nínú rẹ̀. Ọdún 2006 ni ó jáde.

Irú fíìmù báyìí ni àwọn Faransé ń pè ní science-fiction. Àròsọ nípa ọjọ́ iwájú ni. Ẹni tí ó ń ṣe é a máa yí ohun kan padà nínú ayé, lẹ́yìn náà a wò ó bí ọmọ ènìyàn yóò ti ṣe. Àwọn mìíràn a máa fi ọkọ̀ tí ń fò lọ sínú ìràwọ̀ ṣe é. Ohun tí Amoussou yí padà kò ju ọ̀kan lọ: ó gbé olówó sí ipò aláìní, ó sì gbé aláìní sí ipò olówó.

Ẹni tí ń gbé ní Idigny kì í sábà ronú nípa sinimá. Oko ń pè é, ọjà ń pè é. Àwọn ìlú ńlá bíi Kútọnu ni ilé sinimá wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ń gbé sinimá kiri abúlé. Ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ Cinéma Numérique Ambulant wà lára wọn. Wọn a ta aṣọ funfun sí gbangba, wọn a tan ẹ̀rọ amúnáwá, wọn a sì ju àwòrán sára aṣọ náà. Ẹni tí ó jáde lọ ra iyọ̀ lè bá èrò níbẹ̀, kí ó ní òun yóò dúró díẹ̀. Bí fíìmù náà bá dára, iyọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó délé. Ìgbádùn tí a kò pète tẹ́lẹ̀ a máa dùn ju èyí tí a ti ń retí lọ.

Africa Paradis jẹ́ irú fíìmù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dìde. Nígbà tí físà kò bọ́ sí i, Olivier àti Pauline fi owó wọn wá ẹni tí yóò mú wọn wọ Áfíríkà ní ìkọ̀kọ̀. Bí wọ́n ti dé ni ọlọ́pàá ààlà mú wọn. A tì wọ́n mọ́ ilé kan láti dá wọn padà sílé. Olivier sá jáde. Ó ń fara pa mọ́ kiri, títí ó fi rí ìwé òyìnbó kan tí ó kú nínú ìjàmbá ọkọ̀. Ó sọ orúkọ òkú di tirẹ̀. Pauline ní tirẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ọlọ́lá kan, àní ẹni tí ó ti kọ́ni níwèé rí. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹnì kan fẹ́ kí òfin dáàbò bo àwọn àlejò aláwọ̀ funfun. Ẹlòmíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. A kò ní sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí, kí ẹ lè wò ó fúnra yín.

Ẹ̀rín ni ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rín. Òyìnbó tí kò ní ìwé! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́, nítorí ohun tí à ń wò kò ṣàjèjì sí wa.

Àwọn ará Kétu mọ ohun tí ààlà jẹ́. Ní ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Mẹ́kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá di ará ilẹ̀ òkèèrè sí ara wọn. Ní ọdún 1978, ìjọba Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ jáde. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ mọ́ ọjà tí ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ń tilẹ̀kùn mọ́ni.

Ibí ni agbára fíìmù náà wà. Kò sọ pé ènìyàn dúdú yóò ṣàánú ju òyìnbó lọ nígbà tí ó bá lówó. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà kan ń pẹ̀gàn àlejò, àwọn kan ń gbèjà rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó fẹ́ fi igi gún ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àwọn tí a ti fi igi gún rí ni Amoussou fi igi lé lọ́wọ́, ó sì ní kí a máa wò wọ́n.

Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ lè jókòó ti ẹni tí ó gbọ́. Bí àwọn onísinimá bá ta aṣọ wọn ní ìgbèríko yín lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ dúró, bí ẹ kò tilẹ̀ pète rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń padà sílé, ẹ bi ẹni tí ẹ jọ wò ó pé: bí ó bá jẹ́ ìwọ ni a fi ṣọ́ ẹnubodè ní ọdún 2033, ṣé ìwọ yóò jẹ́ kí Pauline kọjá?