Kí Ni Ó Mú Kí Ìbọn Le Fà? Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́ta fún Ìṣòro Kan

Ìbọn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìtòsí òkun mú kí àwọn Ìjẹ̀bú tètè ní in lọ́wọ́, wọ́n sì lò ó nínú ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá ń tún ìbọn ṣe, wọ́n sì ń rọ ṣakabùlà fúnra wọn.

Bí ọdẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tọ alágbẹ̀dẹ lọ pé, "Ó le fà," ẹ̀dùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ìka bá ń fi ipá fà, ẹnu ìbọn yóò yẹ̀ kí ọta tó jáde. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo yìí bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ìbọn olókùúta-ìṣáná. Nígbà tí ọdẹ bá fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, sípíríǹgì yóò le, irin ìdènà yóò sì kọ́ eyín tí ó wà lára òòlù náà. Bí ìka bá ti fa ìfà, irin ìdènà yóò yọ kúrò lára eyín. Òkúta yóò lu irin, iná yóò sì ta sí ẹ̀tù.

Ọ̀rọ̀-ìperí kìíní tí a lè lò ni ìhara, láti inú "ha": ojú irin méjì tí kò dán ń ha ara wọn. Èkejì ni ìtẹ̀mọ́ra, èyí ni agbára tí sípíríǹgì fi ń tẹ irin kan mọ́ èkejì. Ẹ̀kẹta ni ìjìn ìkọ́ra, èyí ni bí irin ìdènà ti wọ inú eyín jìn tó.

Ìyàtọ̀ wọn hàn sí ìka. Bí ìfà bá ń ta kọ́kọ́kọ́, ìhara ni. Bí ó bá ń lọ geere ṣùgbọ́n tí ó wúwo, ìtẹ̀mọ́ra ni. Bí ó bá rìn jìnnà kí òòlù tó já, ìjìn ìkọ́ra ni.

Amontons ní ọdún 1699, àti Coulomb ní ọdún 1785, fi hàn pé bí ìtẹ̀mọ́ra bá ti pọ̀ tó ni agbára ìhara ń pọ̀ tó. Nítorí náà, dídán ojú irin àti epo díẹ̀ ń dín ìhara kù láìfọwọ́ kan ìyókù. Bí a bá sọ sípíríǹgì di aláìlágbára, òkúta lè má ṣáná mọ́. Èyí tí ó burú jù ni kí a fi ayùn jẹ eyín lọ nígbà tí ìhara nìkan ni àìsàn rẹ̀: ìjìn ìkọ́ra yóò dín kù, ìbọn tí ó kan gbún igi lásán yóò sì yìn fúnra rẹ̀, bóyá sí ara ẹni tí ó gbé e.

Òfin ìbọn ọdún 1959 pàṣẹ ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà pàápàá. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò lè sọ fún alágbẹ̀dẹ ibi tí àìsàn ìbọn wà. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìdí ẹwìrì. Ẹni tí ó ní orúkọ mẹ́ta fún ìṣòro mẹ́ta kò ní fi oògùn ọ̀kan wo èkejì.