Wíwá Ìdí Tí Samba Fi Ń Dákú

Samba ni ètò kọ̀ǹpútà tí Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Australian National University, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní ìparí ọdún 1991. Òun ni kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Unix tàbí Linux fi ń pín fáìlì fún èyí tí ó ń lo Windows. Bí ó bá ń dákú, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú a kàn tún un tàn. Ewé ni wọ́n ń já, gbòǹgbò wà nílẹ̀. Fáìlì tí oníṣẹ́ ń kọ lọ́wọ́ sì wà nínú ewu.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ èyí tí ó kú gan-an. Smbd òbí a máa bí smbd ọmọ kan fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé. Bí ọmọ kan bá kú, iṣẹ́ ẹnì kan ni ó dúró. Bí òbí bá kú, àlejò tuntun kò ní í rí ọ̀nà wọlé.

Èkejì ni kíka àkọsílẹ̀ Samba, èyí tí ó sábà máa ń wà nínú /var/log/samba. Bí «PANIC» àti «Signal 11» bá hàn níbẹ̀, ètò náà ti fọwọ́ kan àyè ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ náà bá dákẹ́, ti Linux fúnra rẹ̀ ni ó yẹ ní wíwò, nítorí Linux a máa pa ètò nígbà tí àyè ìrántí bá tán.

Ẹ̀kẹta, testparm ń yẹ smb.conf wò, tdbbackup -v sì ń fi hàn bí fáìlì tdb bá ti bàjẹ́. Irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má lọ nípa títún-un-tàn.

Ní àkótán, kíka àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú títún-un-tàn.