Ọmọ Elélùbọ́ Tí Kò Mọ Ọkà Rò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀.

Ẹ dúró sí ibùdókọ̀ ní Ṣakí lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń dì sínú ọkọ̀. Àpò èlùbọ́ ni, àpò àgbàdo ni, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí. Ìbàdàn ń dúró dè é, Èkó ń dúró dè é. Kì í ṣe àsọdùn tí wọ́n bá pe Òkè-Ògùn ní abà oúnjẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí aago ìsinmi bá lù nílé-ìwé, kí ni ọmọ ẹni tó ni àpò èlùbọ́ yẹn ń jẹ? Nudù inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń pè ní indomí ni, bisikíìtì ni, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. Ẹ wá sọ fún ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC pé kó ro ọkà fún yín. Àwọn kan á rò ó kó dán, àmọ́ ti àwọn mìíràn, kókó ni yóò kún inú rẹ̀ bí òkúta. Ọmọkùnrin ńkọ́? Òun tilẹ̀ ti ń bínú pé ẹ ní kí òun wọ ilé ìdáná.

A lè fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o.

WỌ́N Ń FI ṢỌ́Ọ̀KÌ SE ỌBẸ̀

Ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè kì í ṣe nǹkan tuntun nílé-ìwé wa. Láyé àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ tálákà rọ́ wọ ilé-ìwé. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní 1982, Home Economics wà lára ohun tí ọmọ lè kọ́. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, oúnjẹ sísè fún títà sì wà nínú wọn.

Àmọ́ ní 2025 tí wọ́n tún ètò náà tò, wọ́n dín iṣẹ́ ọwọ́ kù sí 6: iná sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, pẹ̀lú ọ̀gbìn. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, a ò bá wọn jà. Ọmọ á sin ẹran, ọmọ á gbin nǹkan. Ta ni yóò wá sè é?

Níbi tí wọ́n bá sì ti ń kọ́ oúnjẹ sísè náà, ẹ wọ kíláàsì lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kò ní ààrò, tí kò ní ìkòkò. Tíṣà á kọ orúkọ oúnjẹ sí bọ́ọ̀dù, ọmọ á dà á kọ sínú ìwé, ó tán. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀!

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ bá wa dá sí i. Ta ló kọ́ aṣọ òkè híhun láti inú ìwé? Ọmọ á jókòó sídìí òfì, òwú á já, á so ó, á tún já, á tún so ó, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Mẹkáníìkì kì í kọ́ ẹ́ńjìnnì lórí bọ́ọ̀dù. Kí ló wá dé tó jẹ́ oúnjẹ nìkan la fẹ́ fi ẹnu kọ́ ọmọ?

INÚ KÚN, ARA Ò RÍ TIẸ̀

Ní 1935, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń bá àwọn ọmọdé jà. Ẹsẹ̀ á wú, irun á pọ́n, ara á máa bó. Orúkọ tí àwọn ará Gà ń pè é náà ló lò: kwashiorkor. Àìsàn ọmọ tí àbúrò tì kúrò lẹ́nu ọmú ni. Ohun tí dókítà yìí rí ni pé àwọn ọmọ náà ń jẹun. Wọ́n ń jẹ, àmọ́ oúnjẹ àgbàdo lásán ni wọ́n ń fún wọn. Inú kún, ara ò rí ohun tó ń wá.

Ohun tó ń dunni jù níbẹ̀ ni pé ohun tó kù sínú ògì yẹn wà lóko wa. Tí ẹ bá wọn 100 gíráàmù àgbàdo, èròjà tó ń mú ara dàgbà nínú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 10 lọ. Ti ẹ̀wà ń lọ sí bíi 23. Ti sóyà ju 35 lọ! Láti 1908 ni sóyà ti dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó wọ ìkòkò wa. Ní 1987 ni IITA tó wà ní Ìbàdàn dìde láti máa kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fi sóyà ṣe oúnjẹ ilé: ògì, àkàrà, mọ́ín-mọ́ín, wàrà. Wọ́n fi han àwọn ìyá, àwọn ìyá fọwọ́ ara wọn ṣe é, sóyà sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọjà. Ẹ ṣe àkíyèsí o: ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Ẹ rẹ agolo mílíìkì àgbàdo 7 sómi bí ẹ ti ń ṣe fún ògì. Ẹ ṣa sóyà agolo 3, ẹ sè é fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ má lo sóyà tí iná kò kàn, nítorí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ọmọ. Ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe èyí tí wọ́n bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan péré.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn olówó mọ́, ó ti wọ abúlé. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágí wà nínú ìṣirò yẹn o! Ẹni tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, tó tún já mágí mẹ́rin lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló bu iyọ̀. Ọmọ tó bá mọ irú lò dáadáa á mọ̀ pé ọbẹ̀ lè ta sánsán láìjẹ́ pé iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

ṢÉ KÌ Í ṢE ILÉ LA TI Ń KỌ́ Ọ NI?

Ẹnìkan á ní, "Ilé la ti ń kọ́ ọmọ ní oúnjẹ sísè, kí tíṣà gbájú mọ́ ìṣirò." Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bó ṣe rí láyé àwọn ìyá wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Aago mélòó lẹ kúrò nílé láàárọ̀ yìí, ìyá ọlọ́jà? Aago mélòó lẹ ó wọlé? Ọmọ ti ilé-ìwé dé, ó lọ sí lẹ́sìn, ó kiri ọjà díẹ̀, nígbà tí ẹ ó fi dé, ó ti sùn. Ìgbà wo lẹ fẹ́ kọ́ ọ? Ọmọ iṣẹ́ kápẹ́ńtà àti ti bíríkìlà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń ra oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ owó tó fi ra ti ọjọ́ mẹ́ta lè se ìkòkò ẹ̀wà tí yóò jẹ pẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ní tọkùnrin tobìnrin ni kí wọ́n kọ́ ọ. Ikùn ọkùnrin kì í ṣe pákó.

Owó ńkọ́? Ààrò, ìkòkò méjì, omi, ọṣẹ tí wọ́n á fi fọ ọwọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kúnwọ́ kan wá láti ilé, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú wá láti inú oko ilé-ìwé.

Tíṣà ńkọ́? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tí wọ́n ń ná náírà 70 lórí ọmọ kan lóòjọ́, àwọn ìyá àdúgbò ni wọ́n pè láti sè é. Ìyá tó lè sè fún ọmọ lè kọ́ ọmọ. Ìyá tó mọ ọkà rò ní Ṣakí, tíṣà ni, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ilé jẹ́ ọ̀kan, ilé-ìwé jẹ́ ọ̀kan, ìjọba jẹ́ ọ̀kan. Ti ilé ń mì nítorí àìráyè. Ti ìjọba, ẹ ti gbọ́ ibi tó yí sí ní 2025. Ti ilé-ìwé ló sún mọ́ ọwọ́ wa jù, torí ọmọ wa ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ má kàn jókòó kí ẹ máa fi ìwé fẹ́ra. Ẹ dìde, kí ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé ní ìbéèrè kan péré: "Ìgbà wo ni àwọn ọmọ wa dáná níbí gbẹ̀yìn?"

Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ojú ìwé lẹ́tà ń dúró dè yín.