Nígbà tí Wọ́n Ní Kí N Wá Jẹun

Ìtàn ẹran kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá mi rán mi sí ilé aládùúgbò wa kan. Ìdí oúnjẹ ni mo bá wọn. Bàbá ilé ní, "Ọmọ, wá jẹun." Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé "Á gba ibi ire o, bàbá" ni èsì rẹ̀. Èmi wẹ ọwọ́, mo jókòó. Nígbà tí ìyá mi yóò fi wá mi dé ibẹ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àmàlà tán, ẹran bàbá ni ó sì wà lẹ́nu mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá mi kò fi lè gba iwájú ilé náà kọjá.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí dókítà tó sọ orúkọ ohun náà fún mi: ọ́tísíìmù. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí a ṣe dá ọpọlọ wa ni. Kò rí bákan náà lára gbogbo wa: ẹlòmíràn kì í sọ̀rọ̀ rárá, ariwo ọjà ni ó ń da ẹlòmíràn láàmú. Ní tèmi, bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde lẹ́nu ènìyàn ni mo ṣe ń mú un.

Ẹ wá wo irú èdè tí Ọlọ́run fi irú mi sí! Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tí ó ń lọ ni ó ń wí pé, "Mò ń bọ̀." Àbúrò bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀, ó wọ mọ́tò, Kánò ni ó ń lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ilé ìwé, olùkọ́ kan fi ìbínú bi mí pé, "Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?" Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀, mo ní, "Rárá, sà, ẹ ti ń darúgbó." Pàṣán mẹ́fà ni mo gbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, èmi nìkan ni kò mọ ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ a máa dun ọmọdé ju pàṣán lọ.

Kò mọ sọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ní 1943, Dókítà Leo Kanner ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tí wọ́n rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nípa àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ògiri nílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí ó wà lórí tábìlì àti èyí tí ó wà lára ògiri. Lójú ọmọ náà, orí ògiri ni bàbá rẹ̀ wí. Kò gbà, ó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni àwòrán wọn wà. Bí ó bá ṣe pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ta ni ìbá bá a jiyàn?

Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń wí pé irú wa kò mọ ẹ̀fẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Hannah Gadsby, aláwàdà ọmọ Ọsirélíà, fi ọ́tísíìmù tirẹ̀ pa èrò lẹ́rìn-ín nínú "Douglas" tí ó jáde bíi fíìmù ní 2020. Ẹni tí ó ni ìtàn ni ó ń sọ ọ́ níbẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá sì nìyẹn. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó na ọwọ́ sí pàṣán, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tí ó gbọ́. Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, kí ẹ lè jọ rẹ́rìn-ín.

Níbi ọjọ́ ìbí ìyá mi, mo dìde láàárín ẹbí, mo sọ ìtàn ẹran bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi bí ọbẹ̀ náà ṣe dùn tó kún un. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àṣé ọ̀kánjúwà kọ́!" Láti ọdún wọ̀nyí wá, ohun tí ó ti rò nìyẹn.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ó wá kí mi, ó bá mi nídìí oúnjẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ wá jẹun." Ó wẹ ọwọ́, ó jókòó, ẹran mi ni ó kọ́kọ́ mú.