Ọ̀gọ̀dọ̀ Ẹ̀yìnkùlé fún Ọgbà Tí Omi Ń Dúró Sí

Ìpilẹ̀ṣẹ̀
Gbígba omi òjò sójú kan nínú ilé kì í ṣe àṣà àjèjì, nítorí pé àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí omi òjò ń ṣàn sí, jáde ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn àgbà sì ti ń gbe ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tipẹ́.

Ohun tí ó ń dá omi dúró
Ní Ìwéré-Ilé, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwàjowà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Òkè-Ògùn, ọkọ́ kì í pẹ́ kan yangí, èyíinì ni ilẹ̀ pupa tí ó ti dì bí òkúta, tí omi kì í tètè là kọjá. Ọ̀gọ̀dọ̀ kì í fa omi kúrò nínú ilẹ̀. Ó kàn ń fún àgbàrá ní ibi tí yóò wà títí onílé yóò fi lò ó ni, nítorí náà, èyí tí ó kún tí ẹnikẹ́ni kò bù nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àbàtà.

Ìdánwò ilẹ̀
Kí onílé gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ó sì jìn ní méjì, kí ó rọ omi kún un ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, kòtò tí wọ́n kó òkúta kún ti tó láti mu àgbàrá, kò sì sí ìdí láti náwó lé ọ̀gọ̀dọ̀. Bí omi bá ń sun láti ìsàlẹ̀ nígbà òjò, kí wọ́n wá ibòmíràn, nítorí pé ọ̀gọ̀dọ̀ ibẹ̀ yóò ti kún kí àgbàrá tó dé.

Ìwọ̀n
Òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 8, yóò da lítà 4,000 sílẹ̀ bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀, èyí tí í ṣe dúrọ́ọ̀mù 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 200. Ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mítà 4 sí mítà 3, tí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dagun tó bí ó ti jìn, yóò gba nǹkan bíi dúrọ́ọ̀mù 28. Kí omi inú rẹ̀ má ṣe ju dúrọ́ọ̀mù 8 lọ nígbà tí òjò bá ṣú. Ibi tí ó rẹlẹ̀ jù nínú ọgbà ni kí ó wà, kí ó jìnnà sí ògiri amọ̀ ní mítà 5, àti sí kànga àti ṣáláńgá ní mítà 30.

Rírẹ́ inú rẹ̀
Wọ́n ń ta ọ̀rá àti sìmẹ́ńtì lọ́jà, ṣùgbọ́n amọ̀ òkìtì ọ̀gán kò béèrè ju ọ̀wẹ̀ lọ: kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n pò ó, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n sì lù ú mọ́lẹ̀ ní ipele méjì títí yóò fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Kí wọ́n fi yangí tẹ́ ojú ibi tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ yóò gbà jáde, kí ó má sì kọjú sí ilé aládùúgbò.

Iṣẹ́ oṣooṣù
- Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlè: gbígbẹ́, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí ọwọ́ àgbẹ̀ sì dilẹ̀.
- Ẹrẹ̀nà: rírẹ́ inú, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.
- Ìgbé àti Ẹ̀bibi: kíkó ìdọ̀tí tí àgbàrá àkọ́kọ́ bá gbé wá.
- Òkúdu àti Agẹmọ: bíbù omi lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí àyè lè wà fún èyí tí ń bọ̀.
- Ògún: òjò a máa dá díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọkàn tán an, nítorí pé ọjọ́ 31 oṣù yìí ní 1980 ni odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn, àgbàrá sì tún ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù yìí kan náà ní 2011.
- Ọwẹ́wẹ̀: òjò tún pọ̀, kí bíbù omi máa lọ.
- Ọ̀wàrà: kí wọ́n jẹ́ kí ó kún.
- Bélú àti Ọ̀pẹ: bíbomi rin tẹ̀tẹ̀, ata àti tòmátò. Bí ó bá gbẹ, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí ebè, nítorí pé ajílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà ni.

Ìlera
Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí náà, kí wọ́n fi ẹja ẹpìyà díẹ̀ sínú omi náà láti máa jẹ ìdin rẹ̀. Sòbìyà, àrùn aràn tí ó ti da Ìdèrè ní Ìbàràpá láàmú rí, ń ràn nígbà tí ẹni tí ó ní egbò rẹ̀ bá wọ inú omi tí àwọn ẹlòmíràn ń mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2013 pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, òfin àtijọ́ náà kò yí padà: kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi ọ̀gọ̀dọ̀, kí wọ́n sì máa dúró lórí pákó fi igbá ọlọ́wọ́ gígùn bù ú.

Ọmọdé
Kí ọmọdé má baà kó sínú ọ̀gọ̀dọ̀, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká kí omi tó wọ inú rẹ̀.