Àtọ̀gbẹ àti Kòrónà: Nígbà tí Iná Bá Ràn Nínú Ara



Kí ló dé tí àrùn kòrónà fi máa ń le mọ́ alátọ̀gbẹ? Ní England, ní ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ àrùn náà lọ́dún 2020, nínú ẹni mẹ́ta tí kòrónà pa ní ilé ìwòsàn, ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ alátọ̀gbẹ.

Ọlọ́hun Ọba fi àwọn jagunjagun sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn a dìde sí i. Ibi tí wọ́n ti ń jà á gbóná, á pọ́n, á sì wú, bí ojú egbò ṣe máa ń ṣe. Ìwọ̀nba rẹ̀ ló ń wò wá sàn. Ṣùgbọ́n bí kòrónà bá le, ìjà náà lè kọjá ààlà: àwọn jagunjagun a máa ba ẹ̀dọ̀fóró gan-an jẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa dì nínú iṣan, èémí a sì nira.

Ní ti alátọ̀gbẹ, iná ti ń jó lábẹ́lẹ̀ kí kòrónà tó dé. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí ara máa wú díẹ̀díẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, kì í sì í jẹ́ kí àwọn jagunjagun jà bó ṣe yẹ. Àìsàn líle náà á tún lé ṣúgà sókè. Ọ̀kan ń ru èkejì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àyẹ̀wò RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé dexamethasone, oògùn tí kò wọ́n, dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Iná yẹn ló ń pa. Ṣùgbọ́n kò ṣe àwọn tí kò nílò ọ́síjìn láǹfààní, ó sì máa ń gbé ṣúgà sókè gan-an. Nítorí náà, ẹ má ṣe rà á ní kẹ́míìsì fún bàbá tàbí ìyá yín. Ilé ìwòsàn ni ààyè rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè máa yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n sì fún aláìsàn ní insulin bó bá yẹ.

Bí ibà tàbí ikọ́ bá mú alátọ̀gbẹ ilé yín, ẹ máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kó máa mu omi, kó má sì dá oògùn rẹ̀ dúró láìbi dókítà. Bí èémí rẹ̀ bá ń kúrú, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú. Àdúà dára, ṣùgbọ́n kò ní ká má wá ìwòsàn.

Amaanah ni ara wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Aamiin.