Ẹ̀jẹ̀ Dídì àti Ọ̀nà Àbọ̀ tí A Kò Là

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ti onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìdáhùn mi ni pé àfiwé ni iṣẹ́ mi, àfiwé tí kò gún sì lè pa ènìyàn.

Ìṣọ̀n tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ni à ń pè ní ìṣọ̀n àlọ. Èyí tí ó ń dá a padà ni ìṣọ̀n àbọ̀. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ìṣọ̀n àbọ̀ ni ó ń gba inú ikùn kó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì wá sí ọkàn. Àwọn ènìyàn díẹ̀ wà, tí wọn kò tó ẹyọ kan nínú 100, tí a bí láìní in, tàbí tí apá kan rẹ̀ kò sí.

Ẹ̀yin ará Ọjọ́, Ìba àti Okokomáíkò mọ bí èyí ṣe rí. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, dí wa lọ́nà, ọ̀nà Ìba ni ọ̀pọ̀ wa gbà yọ sí Ìgàndó. A ń dé ibi tí à ń lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ a máa rìn bí ìgbín. Láti inú ọlẹ̀ ni ara irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti wá ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ẹ̀jẹ̀. Yóò dàgbà, yóò gbá bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Nígbà tí ó bá tó bí ẹni 20 tàbí 30 ọdún, nígbà mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ẹsẹ̀ yóò wú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà pàápàá. Ẹ̀jẹ̀ tí ń fà lójú ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ó ti dì.

“Dídì” yìí ni ó ṣì wá lọ́nà. Epo a máa dì lọ́yẹ́, òrí a máa dì. Òtútù ní í dì wọ́n, iná a sì yọ́ wọn. Nítorí náà ni ìyá àgbà fi ń wá omi gbígbóná àti òróró, tí wọn ó sì máa fi agbára wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Èmi náà ti bá wọn di ẹsẹ̀ mú rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de òtútù. Bí kò bá ti rìn dáadáa, ó lè dì. Omi gbígbóná kò lè yọ́ ọ. Wíwọ́ sì lè já a, kí ó bá ìṣọ̀n lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí a kò sì rí ohun tí ó fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ẹ bi dókítà léèrè nípa ikùn, nítorí àyẹ̀wò ẹsẹ̀ nìkan kì í fi ìṣọ̀n tí kò sí hàn. Ẹ̀rọ CT a máa fi í hàn. Heparin àti warfarin kì í la ọ̀nà tuntun. Wọ́n ń dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́kun kí ó má tún dì ni, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi ń lo oògùn títí ayé.